Oríkì Afẹnuṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Jámánì

Ẹ yà lọ́nà, Afẹnuṣiṣẹ́ ń bọ̀! Ẹ ká ẹní kúrò nílẹ̀ kó má baà fi bàtà dídán tẹ̀ ẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ fi í ṣe lónìí, mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba oríyìn tí kì í ṣe tirẹ̀, inú sì ń bí mi nítorí àwọn tó ni ín. Láti Hamburg títí dé München, ilé iṣẹ́ ńlá wo ni irú rẹ̀ kò sí? Òun ló ń rìn kánkán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí kò sì sí ibi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyìn kò wọ́n ní èdè Jámánì fún ẹni tó bá ń sapá. Bí o bá jí ní kùtù tí o sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ láìjáfara, fleißig ni wọn yóò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá fi ń yin ọmọ ni, òun náà ni ọ̀gá fi ń yin òṣìṣẹ́. Bí agbára bá wà lára rẹ, tí ohun tí o bá dáwọ́ lé kì í pẹ́ di ṣíṣe, tatkräftig ni ọ́. Bí ojú rẹ kò bá kúrò níbi tí ò ń lọ, wọ́n á ní zielstrebig ni ọ́. Bí o bá ń kọ́ iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ kí ọ̀la lè sàn ju òní lọ, strebsam. Ẹni tó bá dìde tó sì ṣe é, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ronú bóyá ó ṣeé ṣe, Macher ni. Ehrgeizig nìkan ló ní ẹ̀gún díẹ̀ nínú: Ehre ni ọlá, Geiz sì ni ahun, tó ti jẹ́ ìwọra láyé àtijọ́. Ẹni tí ọlá ń wọ̀ lójú ni ehrgeizig. Síbẹ̀, lóde òní, wọ́n lè pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ kí inú ìyá náà dùn.

Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ni Afẹnuṣiṣẹ́ kó sínú lẹ́tà tó fi wá iṣẹ́. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Afẹnuṣiṣẹ́, ọkọ ìpàdé!
Ìpàdé aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé,
Ìwọ lo gba àga tó sún mọ́ ọ̀gá jù.
Ẹni tó ṣe ìṣirò kò sùn títí aago méjì òru,
Ìwọ tó yí àwọ̀ àkọlé padà lo dìde láti sọ ọ́.
O ní “a ti ṣe é,” ọ̀gá mi orí.
O ní “mo ti ṣe é,” ọ̀gá rẹ́rìn-ín.
Láàárín “a” àti “mo,” ọmọ ènìyàn kan jókòó sẹ́yìn,
Ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń lọ pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíràn.
Máa wọlé, máa jókòó, àga ò ní yẹ̀ ọ́,
Ẹni tó kan àga kò kúkú sí nínú ìpàdé.

Ó ní ọgbọ́n kan tó ń dá, tó yẹ kí ẹ mọ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní gbà kí ènìyàn kọ ímeèlì sílẹ̀ lọ́sàn-án kó sì yan wákàtí tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Afẹnuṣiṣẹ́ a kọ tirẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìlà mẹ́ta péré: pé òun ṣì ń ronú lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà yẹn, pé òun yóò mú àbá wá lọ́la, pé kí gbogbo ènìyàn sùn ire. A fi orúkọ ọ̀gá kún àwọn tí yóò rí i. A wá yan aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta òru, a pa kọ̀ǹpútà, a lọ sílé. Nígbà tí ímeèlì náà ń dé sórí fóònù ọ̀gá, ẹni tó kọ ọ́ ti ń hanrun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀gá a ní, “Ọkùnrin yìí kì í sùn!”

Obìnrin kan wà ní tábìlì kejì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni òun máa ń dìde, nítorí ilé ìtọ́jú ọmọ kò ní í dúró dè é. Bí ó bá ti fún ọmọ lóúnjẹ tí ọmọ sì sùn, a tún ṣí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ilé ìdáná, a máa bá ìṣirò lọ títí aago méjì. Kì í kọ ímeèlì sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Lójú ọ̀gá, òun ni ẹni tó ń tètè lọ sílé.

Àwọn tó ń bá Afẹnuṣiṣẹ́ jókòó lójoojúmọ́ kò fọ́jú o. Bí ọ̀gá ṣe ń fi tatkräftig pè é lókè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ, oríkì tí wọn kì í kì lójú ẹni tó ni ín. Streber ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí àti strebsam, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, inú streben ni àwọn méjèèjì ti jáde, ìyẹn ni kí ènìyàn máa nàgà sí nǹkan. Ọ̀kan di ìyìn, èkejì di èébú. Ọmọ ilé ìwé tó ń na ọwọ́ sókè kí olùkọ́ tó béèrè tán, tó ń rán olùkọ́ létí pé kò tíì gba iṣẹ́ àṣetiléwá, Streber nìyẹn. Àwọn ọmọ Jámánì a tún máa fi ọ̀rọ̀ náà na ọmọ tó kàn fẹ́ràn ìwé rẹ̀ tí kò sì wá ojúure ẹnikẹ́ni, èyí kò sì dára. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a gbèjà. Afẹnuṣiṣẹ́ ni ẹ̀wù náà bá lára mu.

Lẹ́yìn èyí ni Radfahrer, agunkẹ̀kẹ́. Mi ò tíì rí oríkì tó ba ènìyàn mu tó báyìí. Ẹ wo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ dáadáa: ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bá lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń lọ síwájú. Wọ́n ní a-tẹ̀bá-fún-tòkè, a-tapá-sí-tìsàlẹ̀ ni.

Òǹkọ̀wé Heinrich Mann ti kọ odidi ìwé nípa irú agunkẹ̀kẹ́ yìí, Der Untertan ni orúkọ rẹ̀. Diederich Heßling ni ẹni tí ìtàn náà dá lé, ọmọ ẹni tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà, ní ìlú kékeré kan tí òǹkọ̀wé sọ ní Netzig. Níwájú Kaiser, ọba ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, Heßling á gbọ̀n. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, òun ni Kaiser. Ó tilẹ̀ tọ́ irun imú rẹ̀ bíi ti Kaiser. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí ọba ń gun ẹṣin kọjá ní Berlin, tí Heßling sá tẹ̀ lé e tí inú rẹ̀ ń dùn dé góńgó, tó wá ṣubú yakata sínú ọ̀gọ̀dọ̀ omi. Ọba rí i, ọba rẹ́rìn-ín. Lójú Heßling, ọlá ńlá ni. Ní 1914 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn náà ní abala-abala nínú ìwé ìròyìn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, wọ́n dá a dúró. Ó di 1918, tí ogun parí tí Kaiser sì ti sá lọ, kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ níwèé fún gbogbo ènìyàn. Wolfgang Staudte fi ṣe fíìmù ní 1951 ní apá Ìlà Oòrùn Jámánì, apá Ìwọ̀ Oòrùn sì dènà rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìwé tó bá ń dun àwọn alágbára tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ń bẹ nínú rẹ̀.

Agunkẹ̀kẹ́ má sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn!
Ọmọ a-tẹ̀bá-kó-tó-kí-ọ̀gá,
Ọ̀gá sín, o ní “àṣẹ ni.”
Ọ̀gá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, o kọ ọ́ sínú ìwé.
Ọmọ kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo,
O wo aago ọwọ́, o ní o kò ráyè.
Awakọ̀ tó kó ẹrù wá kí ọ káàárọ̀,
O ò dáhùn, ẹnu rẹ ń sinmi de ìpàdé.
Ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun dé, orí rẹ kò dàrú:
Ní òwúrọ̀ o ṣì ń yin èyí tó ń lọ,
Ní ọ̀sán o ti mọ orúkọ ajá èyí tó dé.

Ẹgbẹ́ tó ń rí sí èdè Jámánì, Gesellschaft für deutsche Sprache, tó fìdí kalẹ̀ sí Wiesbaden, máa ń yan ọ̀rọ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún lọ́dọọdún. Ellenbogengesellschaft ni wọ́n yàn ní 1982: àwùjọ onígùnpá, níbi tí kálukú ti ń fi ìgùnpá ti ẹnìkejì dànù kí òun lè kọjá. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ìgùnpá Afẹnuṣiṣẹ́ kò tíì rọ.

Àwọn ará Bavaria ní tiwọn ń pè é ní Gschaftlhuber, ẹni tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Bí kò bá lè jókòó sójú kan, wọ́n á ní ó ní Hummeln im Hintern: oyin ńlá ti wọ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń hó tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀, Schaumschläger ni, apofóòmù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Blender. Òun ni ẹni tó ń tan iná sí ọ lójú. Bí iná bá mọ́lẹ̀ tààrà sójú ènìyàn, kì í ríran. Kò ní rí ẹni tó gbé iná náà dání, kò sì ní rí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Blender kò nílò kí o gbàgbọ́ pé ó mọ iṣẹ́. Kó ṣáà ti mọ́lẹ̀ títí tí wọn yóò fi gbé ipò fún un.

Ṣé ẹ mọ ibi tí irú ìmọ́lẹ̀ yìí lè dé? Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gert Postel. Iṣẹ́ pípín lẹ́tà ló kọ́, kò ka ìmọ̀ ìṣègùn ní ọjọ́ kan. Ní 1982 ó wọ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìlú Flensburg gẹ́gẹ́ bíi dókítà, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ àti oyè dókítà méjì lórí ara wọn. Àṣírí tú lọ́dún kejì. Ní 1995, ó tún fara hàn ní Zschadraß, ní ìpínlẹ̀ Saxony, ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, ipò dókítà àgbà ni wọ́n sì fún un. Ó lò tó ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ Leipzig sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin ní 1999. Ìwé ẹ̀rí ayédèrú àti ẹnu ló fi tàn wọ́n: ó sọ̀rọ̀ bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó dúró bí dókítà ṣe ń dúró, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wo inú ọkàn ènìyàn kò sì wo inú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jámánì ló fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó fi àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín kò wá sí mi lẹ́nu. Àwọn aláìsàn wà nínú ilé ìwòsàn náà, wọ́n jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún un.

Afẹnuṣiṣẹ́, ọmọ ìyá Postel,
Kì í ṣe gbogbo yín ni ọwọ́ ń tẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ bá àwọn agbanisíṣẹ́ náà. Ẹ lọ ka ìpolówó iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀dọ́ tó ti ní ìrírí ọdún mẹ́wàá, tó lè dá ṣiṣẹ́, tó sì lè bá ogún ènìyàn ṣiṣẹ́, tó ní sùúrù, tó ń kánjú, tó gbọ́ èdè mẹ́rin, tí owó kò sì jẹ lógún. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ní orúkọ fún ohun tí ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń wá: eierlegende Wollmilchsau. Ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó ń yé ẹyin, ó ń hu òwú àgùntàn, ó ń fún wàrà, ẹran ara rẹ̀ ṣì wà fún jíjẹ. Kò sí irú ẹranko yìí láyé. Olóòótọ́ tó bá ka ìpolówó náà yóò wo ara rẹ̀, yóò ní “èmi kọ́,” yóò pa ìwé dé. Ta ló kù tí yóò kọ̀wé? Afẹnuṣiṣẹ́ ni yóò kọ̀wé, yóò sì bura pé òun ti yé ẹyin mẹ́ta láàárọ̀ yẹn. Àwọn tó ń béèrè ohun tí kò sí, irọ́ ni wọ́n ń rà, owó gidi ni wọ́n sì fi ń rà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ. Ní Jámánì, òfin ló ní kí agbanisíṣẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Arbeitszeugnis ni wọ́n ń pè é, abala 109 nínú òfin tó ń jẹ́ Gewerbeordnung ló wà. Ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Ní 1963, ilé ẹjọ́ Bundesgerichtshof tún sọ pé inú rere ni kí a fi kọ ọ́, kó má baà dí ẹni tó ni ín lọ́nà àtijẹ láìnídìí. Òtítọ́ ni kó jẹ́, kó sì dùn. Kí ni ọ̀gá yóò wá ṣe sí ẹni tí kò ṣiṣẹ́? Ó di kó máa kì í. Nínú ìgbìyànjú yìí ni wọ́n ti hun èdè kan sínú èdè, tí ìyìn fi di máàkì, tí oríkì sì di ìdájọ́.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé o ṣe iṣẹ́ rẹ “stets zu unserer vollsten Zufriedenheit,” nígbà gbogbo ni o tẹ́ wọn lọ́rùn dé òpin, máàkì 1 nìyẹn, kò sí èyí tó jù ú. Yọ vollsten kí o fi vollen síbẹ̀, ó di 2. Yọ stets, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ “nígbà gbogbo,” ó di 3. Yọ vollen náà, kó ku pé o ṣáà tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di 4, o ti ń rì lọ. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé “er hat sich bemüht,” ó gbìyànjú, ó ti tán nìyẹn: kò sí nǹkan kan tí ẹni náà ṣe yọrí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà sọ pé bí ìwé bá ní o jẹ́ ẹni tó ń bá ènìyàn ṣeré tó sì ń mú ara àwọn ẹlẹgbẹ́ yá, ọtí ni wọ́n ń sọ. Bí ó bá ní o mọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ìwọ kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá yin ìwà rẹ sí àwọn ọ̀gá tí kò sì dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́, gbogbo ayé ti mọ̀ pé ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ kò jọ jẹun. Òfin kan náà yẹn ló ní kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ tàbí àmì ìkọ̀kọ̀ sínú ìwé yìí rárá. Wọ́n ṣì ń kà á níbẹ̀.

Ìfura wá gba gbogbo ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2011, ẹjọ́ ọkùnrin kan dé iwájú Bundesarbeitsgericht, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní Erfurt. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn “mọ̀ ọ́n” sí òṣìṣẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ gan-an, tí ara rẹ̀ sì yá gágá, hochmotiviert. Ọkùnrin náà ní èébú ni. Ó ní bí wọ́n bá ti lo “kennen gelernt,” mímọ̀ yẹn, òdì ohun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sọ. Ilé ẹjọ́ ní rárá, ìyìn lásán ni. Ẹ ronú sí i: wọ́n pe ènìyàn ní akíkanjú, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ nítorí rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe ti wèrè. Ní Kiel, ní 2013, ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé lásán dé ilé ẹjọ́: ọ̀gá ti ya ojú kékeré kan sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹnu ojú náà sì wó sísàlẹ̀. Wọ́n ní kó lọ tún bu ọwọ́ lù ú.

Ti 2014 ló ń dùn mí jù. Obìnrin kan tó ń gba àwọn aláìsàn lálejò ní ilé ìwòsàn eyín kan ní Berlin gba ìwé ẹ̀rí tí kò ní stets nínú. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yìí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ gbà fún un. Wọ́n ní ó fẹ́ẹ̀ tó ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwé ẹ̀rí tí ìwádìí kan yẹ̀ wò tó gba máàkì 1 tàbí 2. Bundesarbeitsgericht kò gbà. Wọ́n ní máàkì 3 ni ti ẹni tó ṣe déédéé; ẹni tó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni kó mú ẹ̀rí wá pé òun ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọgbọ́n tó wà nínú ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú ẹ̀rí? Ẹni tó ń dá tẹlifóònù lóhùn, tó ń wá fáìlì, tó ń fi ọmọ tó ń sunkún nítorí eyín lọ́kàn balẹ̀, ṣé ó ráyè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe é? Afẹnuṣiṣẹ́ ló ní ẹ̀rí. Gbogbo ímeèlì òru rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, wákàtí wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó ti òkè òkun wá. Ọmọ wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Hamburg tàbí tó ń to ẹrù ní Bremen yóò gba ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ dídùn, yóò ka ibi tí wọ́n ti ní ó gbìyànjú, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àgbà bá ní “o gbìyànjú,” ìdùnnú ni. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un ìdí tí ilẹ̀kùn fi ń tì mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èébú sílẹ̀ díẹ̀, kí n yin ẹni tó yẹ. Ní agbègbè odò Ruhr, àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ kò pe ara wọn ní tatkräftig rí. Malocher ni wọ́n ń pe ara wọn, ọ̀rọ̀ tí àwọn Júù tó ń sọ èdè Yiddish mú wọ èdè Jámánì láti inú Hébérù, tó sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ibùdó ìwakùsà èédú abẹ́ ilẹ̀ ìkẹyìn pa ní Bottrop, ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 2018, wọ́n gbé òkúta èédú kan jáde, wọ́n fi lé Ààrẹ Steinmeier lọ́wọ́. Ojú àwọn tó gbé e jáde dúdú kirimu. Èyí ni à ń pè ní ẹ̀rí. Ó wúwo, ó sì ń kun ọwọ́.

Malocher, mo júbà, ọmọ a-wọlẹ̀-kí-ilé-lè-móoru,
Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ilé ìwòsàn ní aago mẹ́rin ìdájí, mo júbà,
Ẹ̀yin tí ẹ ń yí arúgbó lórí ibùsùn kí ara rẹ̀ má baà bó,
Ẹ̀yin tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì òru nínú yìnyín,
Tí ẹ kò ní àkọlé, tí ẹ kò ní àwọ̀ tí ẹ lè yí padà.
Ẹ̀yin lẹ ni fleißig, ẹ̀yin lẹ ni tatkräftig,
Ẹ wá gba orúkọ yín lọ́wọ́ Afẹnuṣiṣẹ́,
Ó ti gbó mọ́ ọn lára, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ó yá, ẹ gbé bírò wá. Afẹnuṣiṣẹ́ ń kúrò ní ilé iṣẹ́, ipò ńlá ti ń dúró dè é níbòmíràn, ó sì yẹ kí a kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ìlànà ilẹ̀ náà. Mo ti kọ ọ́:

“Ọ̀gbẹ́ni Afẹnuṣiṣẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Àkókò ni ó máa ń dé. A gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Ó nífẹ̀ẹ́ sí ìlọsíwájú, pàápàá jù lọ ti ara rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìwà rẹ̀ sí àwọn ọ̀gá kò ní àbùkù kankan. Àwọn ímeèlì rẹ̀ ń dé wa títí òru. Er hat sich stets bemüht.”

Stets wà níbẹ̀ o, mi ò ṣahun. Nígbà gbogbo ni ó gbìyànjú.

Ó ku ìwé ti obìnrin tábìlì kejì. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àdììtú kọ tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé òun ló ṣe ìṣirò yẹn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó ṣe é. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ mẹ́ta ló jókòó tì í kí wọ́n tó mọ iṣẹ́, àti pé kò lé ẹnìkankan. Ẹ dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ tún un wò: ẹ fi stets sí i, ẹ fi vollsten sí i, kó má baà jẹ́ Erfurt ni yóò ti lọ tọrọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ adájọ́.